Orúkọ Oògùn Ṣúgà Tí Ẹ Ń Lò Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mọ̀

"Màmá, oògùn wo lẹ ń lò fún ṣúgà?"

"Funfun róbótó ni, dókítà. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́."

Ìdáhùn yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó sì fèsì bẹ́ẹ̀ rò pé òun ti sọ ohun gbogbo tán. Kò tíì sọ nǹkan kan. Oògùn ṣúgà tó funfun tó sì rí róbótó pọ̀ jàntì-rẹrẹ. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí ẹ bá lò ó tí ẹ kò sì jẹun di ọ̀sán, bóyá inú kan máa ru yín ni. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá lò ó láìjẹun, kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n lè ti máa gbé yín dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú nìyẹn. A máa ń sọ "oògùn ṣúgà" bí ẹni pé nǹkan kan ṣoṣo ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oríṣiríṣi ni wọ́n, olúkúlùkù wọn ló sì ní ibi tó ń gbà ṣiṣẹ́ nínú ara. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣé kí n jẹun kí n tó lò ó? Bí mo bá gbàgbé ńkọ́? Bí mo bá ń bì ńkọ́? Orúkọ oògùn náà ló máa sọ ìdáhùn. Àwọ̀ rẹ̀ kò lè sọ ọ́.

Àtọ̀gbẹ irú kejì ni mò ń sọ níbí, èyí tó wọ́pọ̀ jù, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ti dàgbà. Irú kìíní yàtọ̀. Insulin ni àwọn tó ní in gbọ́dọ̀ máa gbà, hóró oògùn kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó dàrú nínú ara

Bí a bá jẹun, púpọ̀ nínú oúnjẹ náà á di ṣúgà, ṣúgà á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan wà nínú ikùn, lẹ́yìn ibi tí oúnjẹ kọ́kọ́ ń balẹ̀ sí, tí wọ́n ń pè ní pancreas. Òun ló ń tú insulin jáde, insulin ló sì ń ké sí ẹran ara pé kó wá gba ṣúgà yìí kó fi ṣe agbára. Nínú àtọ̀gbẹ irú kejì, ẹran ara á di bí ọmọ tí à ń pè tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Pancreas á tún pè, á gbóhùn sókè sí i, ọdún á máa gorí ọdún, títí ohùn á fi há a. Ẹ̀dọ̀ náà, tó ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ fún ara, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u síta lóru láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ìdí rèé tí ṣúgà ẹlòmíràn fi máa ń ga láàárọ̀, tó sì jẹ́ pé láti àṣálẹ́ àná ni kò ti fi nǹkan kan kan ẹnu.

Oògùn kan lè bá ẹ̀dọ̀ wí, òmíràn á ta pancreas jí, òmíràn á gba ọ̀dọ̀ kíndìnrín lọ. Bí ẹ bá ti mọ ibi tí tiyín ń gbà, ewu tó wà nínú rẹ̀ kò ní ṣókùnkùn sí yín mọ́.

Metformin

Òun ni ọ̀pọ̀ dókítà kọ́kọ́ máa ń kọ fún aláìsàn. Ewéko kan tí wọ́n ń pè ní Galega officinalis ni àwọn onímọ̀ ti tọpa rẹ̀ wá, dókítà ará Faransé kan, Jean Sterne, ló sì kọ́kọ́ kọ̀wé jáde ní 1957 lórí bí ó ṣe fi wo àtọ̀gbẹ. Ní 1994 ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i. Oògùn tó ti pẹ́ lọ́wọ́ aráyé ni, wọ́n sì ti mọ ìwà rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá wí jù, kó má tú ṣúgà síta jù. Ó tún ń mú kí ẹran ara gbọ́ràn sí insulin lẹ́nu. Kò fi ipá mú pancreas rárá, ìdí nìyẹn tí metformin nìkan kì í fi í sábà já ṣúgà ènìyàn wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Inú ló máa ń bá jà. Ìgbẹ́ gbuuru, èébì tó ń gbéni, inú rírun, ẹnu tó ń dà bí ẹni lá irin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti jù ú sí kọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní nítorí èyí, ó sì máa ń dùn mí, torí púpọ̀ nínú ìyọnu yìí ló ní bí a ṣe ń yẹra fún un. A máa ń fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 500 lóòjọ́, a ó sì máa fi kún un ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ bí dókítà bá ṣe sọ. Àárín oúnjẹ tàbí gẹ́rẹ́ tí a bá jẹun tán ni kí a lò ó. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn á mọ́ ọn lára láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá wá mọ́ ọn lára, ẹ padà lọ sọ fún dókítà, nítorí irú rẹ̀ kan wà tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn, tó sì rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Odindi ni kí ẹ gbé èyí mì. Ẹ má rún un lẹ́nu, ẹ má lọ̀ ọ́, nítorí bí ẹ bá fọ́ ọ, gbogbo ohun tó yẹ kó máa yọ́ láti àárọ̀ di alẹ́ á dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíràn máa ń rí èèpo irú oògùn yìí nínú ìgbẹ́, á sì rò pé kò ṣiṣẹ́. Èèpo lásán ni. Oògùn inú rẹ̀ ti wọ ara lọ.

Kíndìnrín ni metformin ń gbà jáde. Bí kíndìnrín bá ti rẹ̀ jù, oògùn á máa gbára jọ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀, ó lè pa ènìyàn. Oògùn kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, phenformin, tiẹ̀ di ohun tí wọ́n kó kúrò lọ́jà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980 nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Nítorí náà, bí dókítà bá ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín lọ́dọọdún, ẹ má rò pé ó kàn fẹ́ kí ẹ náwó. Nọ́ńbà kan wà nínú èsì náà tí wọ́n ń pè ní eGFR. Bó bá ti wálẹ̀ ju 30 lọ, metformin kò yẹ ní lílò mọ́. Bó bá wà láàárín 30 sí 45, dókítà sábà máa ń dín in kù. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ya àwòrán inú ara yín tí wọ́n máa kọ́kọ́ fa omi aláwọ̀ sí yín lára, ẹ ti sọ ṣáájú pé metformin wà lára oògùn yín.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń mẹ́nu bà tó. Bí ènìyàn bá lo metformin fún ọdún púpọ̀, fítámì B12 lè dín kù lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa kú tipiri, àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ta, aláìsàn á sì gbà pé àtọ̀gbẹ ló ba iṣan òun jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ B12 tó ṣe é tún ṣe. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa fi ìyàtọ̀ hàn, ẹ béèrè fún un.

Àwọn tó ń ta pancreas jí

Glibenclamide, glimepiride, gliclazide. Ẹ wo páálí oògùn yín dáadáa. Bí ọ̀kan nínú àwọn orúkọ yìí bá wà níbẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí ju gbogbo ìyókù lọ.

Ní 1942, ní ìlú Montpellier ní ilẹ̀ Faransé, Marcel Janbon ń fi oògùn apakòkòrò kan tọ́jú àwọn tó ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Àwọn kan lára wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn mìíràn dákú. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n rí i pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti já wálẹ̀. Ibẹ̀ ni ìran oògùn yìí ti ṣẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ pa ènìyàn ni wọ́n sọ di ìwòsàn, ìwà yẹn kò sì tíì kúrò lára rẹ̀ di òní.

Bí jọ́kì ṣe ń na ẹṣin ni oògùn yìí ṣe ń na pancreas kó lè tú insulin síta. Kì í béèrè bóyá ẹ ti jẹun tàbí ẹ kò tíì jẹun. Bí oúnjẹ bá ti wà nílẹ̀, insulin náà ríṣẹ́ ṣe. Bí kò bá sí, ìwọ̀nba ṣúgà tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́ ló máa kó lọ. Nítorí náà, pẹ̀lú oúnjẹ ni kí ẹ lò ó, àárọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń bọ́ sí. Oògùn kò gbọdọ̀ ṣáájú oúnjẹ tí kò tíì dájú. Ẹni tó gbé e mì nílé, tó ní òun á jẹun bí òun bá dé ibi iṣẹ́, kò mọ ohun tí ọ̀nà ń gbé bọ̀. Bí ààwẹ̀ bá ń bọ̀, ẹ lọ rí dókítà ṣáájú, torí ó lè yí àkókò oògùn padà, tàbí kó dín in kù, tàbí kó sọ fún yín pé ara yín kò gba ààwẹ̀.

Àmì pé ṣúgà ti ń wálẹ̀ jù rèé: ara á máa làágùn láìsí ooru, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kìkì, ebi òjijì á mú, ojú á ṣú, inú á máa bíni láìnídìí, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu bíi ti ẹni tó mutí yó. Bí ẹ̀rọ àyẹ̀wò bá wà nítòsí, iye tó bá ti wálẹ̀ ju 70 mg/dL lọ (ẹ̀rọ mìíràn á kọ ọ́ ní 3.9 mmol/L) kò dára. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, ẹ má wá a kiri, ẹ tọ́jú ara yín ná.

Ṣúgà tó ń tètè wọ ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ jẹ, nǹkan bíi gíráàmù 15: ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin tí ẹ pò mọ́ omi, tàbí ìdajì ife omi èso tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà nínú. Èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní ṣúgà kò wúlò níbí. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún jẹ iye kan náà. Nígbà tó bá ti gòkè ni kí ẹ wá jẹ oúnjẹ gidi, kó má bàa tún wálẹ̀. Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ó lè há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó bá sì tají nílé náà kò tíì bọ́ tán, nítorí oògùn yìí ṣì wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó lè tún já a lulẹ̀ lóru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ẹ jẹ́ kí dókítà rí i.

Àwọn àgbàlagbà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bàbá tí orí rẹ̀ pé láàárọ̀, tó wá ń sọ kántankàntan nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ọmọ á ní ó ti ń ṣarán. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Oúnjẹ àgbà kì í tó nǹkan mọ́, kíndìnrín wọn kì í yára bíi ti tẹ́lẹ̀, oògùn ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn sì ṣì ni wọ́n ń lò ní iye tó wà tẹ́lẹ̀. Glibenclamide le fún wọn jù nínú ìran yìí, ọ̀pọ̀ dókítà ni kì í sì í fún arúgbó tàbí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára mọ́. Bí ìyá tàbí bàbá yín bá ṣì ń lò ó, kò burú kí ẹ béèrè bóyá èyí tó rọ̀ jù ú lọ wà.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tún wà, irú propranolol àti atenolol, tó lè bo àyà tó ń lù àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n mọ́lẹ̀, débi tí aláìsàn kò fi ní tètè mọ̀ pé ṣúgà òun ti ń já. Ara tó ń làágùn nìkan ni kì í sábà bò. Ọtí líle pẹ̀lú ìran oògùn yìí láìjẹun, ewu ńlá ni.

Repaglinide náà ń ta pancreas jí, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára. Kí oúnjẹ tó dé ni wọ́n ń lò ó, òfin rẹ̀ sì rọrùn: kò sí oúnjẹ, kò sí oògùn.

Èyí tó ń da ṣúgà jáde nínú ìtọ̀

Bí orúkọ oògùn yín bá parí sí "gliflozin", bíi dapagliflozin tàbí empagliflozin, kíndìnrín ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ń jẹ́ kí kíndìnrín da ṣúgà sínú ìtọ̀ dípò kó dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fòyà nígbà tí àyẹ̀wò ìtọ̀ bá sọ pé ṣúgà pọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ tí a rán oògùn náà nìyẹn. Ó tún ń dáàbò bo ọkàn àti kíndìnrín fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà dókítà lè ní kí ẹ máa lò ó bí ṣúgà yín tiẹ̀ ti dára.

Ìtọ̀ á pọ̀ sí i, ẹ máa mu omi dáadáa. Ojú ara lè máa yún ènìyàn, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, nítorí kòkòrò fẹ́ràn ibi tí ṣúgà bá gbà kọjá. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ ọ́, ó ní oògùn tirẹ̀.

Ewu tó fara sin níbẹ̀ ni pé bí ara kò bá rí oúnjẹ tó, tàbí insulin kò tó, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá fi ṣe agbára, ẹ̀jẹ̀ á sì di kíkan. A ti mọ àìsàn yìí tẹ́lẹ̀ mọ́ ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga lọ sókè réré. Pẹ̀lú oògùn yìí, ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń sọ pé ṣúgà kò fi bẹ́ẹ̀ ga, ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ nìyẹn. Bí ẹni tó ń lò ó bá ń bì, tí inú ń run ún, tí ó rẹ̀ ẹ́ gidi, tó sì ń mí lókè-lókè, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà, kó sì dárúkọ oògùn náà fún wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, wọ́n sábà máa ń dá a dúró ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Àwọn yòókù

Sitagliptin àti linagliptin kì í da ènìyàn láàmú púpọ̀. Ẹ jẹun o, ẹ kò jẹun o, ẹ lè lò wọ́n. Bí inú bá wá ń run yín burúkú débi tó fi ń wọ ẹ̀yìn lọ, ẹ dá a dúró kí ẹ sì lọ rí dókítà. Pioglitazone lè mú ẹsẹ̀ wú, kò sì yẹ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò ní agbára tó. Acarbose, òkèlè àkọ́kọ́ ló ń bá rìn, afẹ́fẹ́ inú sì ni wàhálà rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó pọ̀ mọ́ oògùn tó ń ta pancreas jí gbọ́dọ̀ ní glúkóòsì nílé, nítorí acarbose kì í jẹ́ kí ṣúgà lásán tètè wọ ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá yẹ kó sáré.

Semaglutide oníhóró yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Àfi kí inú ṣófo. Bí ẹ bá jí, ẹ fi omi díẹ̀ gbé e mì, kó má ju mìlílítà 120 lọ, kí ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó jẹ tàbí mu ohunkóhun, títí kan oògùn mìíràn. Ẹni tó bá lò ó pẹ̀lú oúnjẹ bó ṣe ń lo metformin, díẹ̀ báyìí ló máa wọ ara rẹ̀.

Ọjọ́ tí nǹkan kò bá lọ déédéé

Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ má lo méjì pọ̀ láti fi dí i. Bí àkókò kò bá tíì lọ jìnnà, ẹ lè lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó kàn, àfi semaglutide oníhóró, tí kò bá oúnjẹ rìn. Bí ti ẹ̀ẹ̀kejì bá ti súnmọ́, ẹ jẹ́ kí èyí tó kọjá lọ máa lọ. Pẹ̀lú glibenclamide àti àwọn ìbátan rẹ̀, ìlọ́po méjì lè gbé ènìyàn dé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ tí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú yín tí oúnjẹ kò dúró nínú, metformin àti àwọn "gliflozin" sábà máa ń jẹ́ ohun tí a ń dá dúró ná, títí ara á fi gba oúnjẹ àti omi padà. Ẹ má dúró di ọjọ́ àìsàn kí ẹ tó béèrè. Ẹ ti bá dókítà sọ ọ́ nígbà tí ara yá, kó kọ ọ́ sí ìwé fún yín: èyí tí ẹ máa dá dúró, èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ dá dúró. Ẹni tó bá ń gba insulin mọ́ hóró oògùn kò gbọdọ̀ jáwọ́ nínú insulin láìgbàṣẹ. Ẹ sì máa yẹ ṣúgà wò lemọ́lemọ́, nítorí ibà lè gbé e sókè bí ẹ kò tiẹ̀ jẹ nǹkan kan. Obìnrin tó bá lóyún, tàbí tó ń wá oyún, kó tètè lọ rí dókítà, kí wọ́n yẹ gbogbo oògùn rẹ̀ wò.

Oògùn àìsàn mìíràn náà lè dá sí i. Prednisolone máa ń gbé ṣúgà sókè. Fluconazole, clarithromycin àti co-trimoxazole lè mú kí oògùn tó ń ta pancreas jí lágbára ju bó ṣe yẹ lọ. Quinine fúnra rẹ̀ lè já ṣúgà wálẹ̀.

Ti àgbo àti lúlúù ńkọ́? Èmi kì í bú ewé, ìgbà tó jẹ́ pé inú ewé la ti rí metformin. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni ohun tí a kò mọ̀ pé ó wà nínú ìgò. Ní 2008, ní Singapore, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá tí ṣúgà wọn ṣàdédé já, àwọn kan sì kú. Ìgbà tí wọ́n wádìí ni wọ́n rí i pé ẹnì kan ti po glibenclamide mọ́ oògùn agbára ọkùnrin tí wọ́n ń tà ní bòókẹ́lẹ́. Bí lúlúù kan bá já ṣúgà yín wálẹ̀ kíákíá lọ́nà ìyanu, tí ẹ sì ń lo oògùn ilé ìwòsàn mọ́ ọn, ó lè jẹ́ oògùn kan náà lẹ́ ń lò ní ìlọ́po méjì.

Bí ṣúgà bá wá dára ńkọ́? Oògùn ló ń mú un dára, bí ẹ bá gbé e jù sílẹ̀, ṣúgà á tún gòkè, ara sì lè má fi hàn yín fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àyẹ̀wò HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ni dókítà fi ń mọ̀. Nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń lépa fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì máa ń fàyè gba iye tó ga díẹ̀ fún arúgbó. Ẹni tó bá fọn, tó yí oúnjẹ padà, tó ń rìn dáadáa, dókítà lè dín oògùn rẹ̀ kù, àwọn kan sì wà tí wọ́n dá a dúró fún pátápátá. Abẹ́ ojú dókítà ni kó ti wáyé.

Ẹ tún wo páálí yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Orúkọ oògùn gan-an ni wọ́n kọ wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn sì rèé, méjì ni: metformin pẹ̀lú glimepiride nínú hóró kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní páálí yìí nílé, tí dókítà mìíràn tún wá kọ glimepiride fún ní páálí tó ní orúkọ mìíràn, á máa lo oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Kó kó páálí méjèèjì lọ́wọ́, kó fi han apoògùn kó tó gbé èyíkéyìí mì.